Ibi Tí Ohùn Mi Dé

Òfin kan wà lórí àwọn òkè tó dúró lẹ́yìn ìlú Oakland, ní Kalifóníà, tí ọkàn mi kì í kúrò lára rẹ̀ nígbà tí mo bá ń dá rìn níbẹ̀. Òfin ajá ni. Ó ní bí èèyàn bá ti kúrò níbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, tó ti kọjá ibi tí wọ́n to tábìlì sí fún àwọn tó wá ṣe fàájì, tó wá wọ inú igbó gan-an, ó lè tú ajá rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀pọ̀ ibẹ̀. Àmọ́ kí okùn wà lọ́wọ́ rẹ̀, kí ajá sì wà níkàáwọ́ rẹ̀ nígbàkígbà. Bó bá pè é, kó wá. Ibi tí ohùn ẹni bá dé, ibẹ̀ ni òmìnira ajá ẹni mọ.

Ọmọ Yorùbá ò nílò láti dé Amẹ́ríkà kó tó gbọ́ irú òfin yìí. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ọdẹ kì í fa ajá lókùn lẹ́nu iṣẹ́. Bó bá fà á lókùn, kí ni ajá fẹ́ fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe? Fèrè ló fi ń dè é, orúkọ ló fi ń dè é. Àwọn mìíràn a so ṣaworo mọ́ ọn lọ́rùn, kí etí lè máa tẹ̀ lé e lọ síbi tí ojú ò tó. Nínú àlọ́ tí wọ́n pa fún wa lọ́mọdé, ọdẹ kan há sórí igi, àwọn tó fẹ́ gbẹ̀mí rẹ̀ sì ń fi àáké gé igi náà nídìí. Orúkọ àwọn ajá rẹ̀ nìkan ló kù sí i lẹ́nu: Òkémọkéréwú, Ọ̀sọ̀pàkàgbọ́mọmì, Ògbálẹ̀gbáràwé. Wọ́n wà nílé, nínú ìdè, igbó sì jìnnà sílé. Síbẹ̀ wọ́n gbọ́. Àwọn kan fẹ́ràn àlọ́ náà nítorí ohun tí eyín àwọn ajá yẹn ṣe. Etí wọn ni tèmi.

Tanímọ̀, ajá tèmi, kì í ṣe ajá ọdẹ. Ibi tí wọ́n ń kó àwọn ajá tí kò lẹ́ni sí nílùú ni mo ti gbà á. Ó pupa rúsúrúsú, àyà rẹ̀ funfun, etí ọ̀tún rẹ̀ dúró, tòsì tẹ̀. Mo sọ ọ́ lórúkọ bí àwọn àgbà wa ṣe ń sọ ajá, lórúkọ tó ṣeé fi ránṣẹ́ sí aládùúgbò láìjẹ́ pé èèyàn la ẹnu bá a jà. Nínú igbó, iṣẹ́ mìíràn ni orúkọ náà ń ṣe. Ó bẹ̀rẹ̀ láàárín, ó gòkè, ó wá já wálẹ̀, ìró rẹ̀ a sì máa lọ jìnnà nínú àfonífojì. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tí wọn ò gbọ́ Yorùbá a pè é bí ẹnu wọn ṣe lè pè é, gbogbo rẹ̀ lórí ìlà kan. Tanímọ̀ a máa bá ìrìn rẹ̀ lọ. Bí mo bá pè é, orí á yí, etí tòsì yẹn náà á gbìyànjú láti dìde.

Ilẹ̀ tí à ń rìn lórí rẹ̀ yìí, ìbò ni wọ́n fi dá a sílẹ̀ fún gbogbo ayé. Nígbà tó fi máa di 1929, ilé-iṣẹ́ tó ń fún àwọn ìlú ibẹ̀ lómi ti rí omi fà wá láti odò Mokelumne, ọ̀nà jíjìn, ilẹ̀ orí òkè tó ti ń tọ́jú nítorí omi wá ṣẹ́ kù sí i lọ́wọ́. Ní 1934, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà ti dẹnu kọlẹ̀, tí àìríṣẹ́ṣe gbòde, wọ́n bi ará ìlú léèrè bóyá wọ́n gbà láti máa san sẹ́ńtì 5 lórí 100 dọ́là kọ̀ọ̀kan nínú iye ohun ìní wọn, kí wọ́n lè fi owó náà gba òkè wọ̀nyí sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́ wá nasẹ̀. Àwọn tó gbà ju ìlọ́po méjì àwọn tí kò gbà lọ. Ibẹ̀ ni East Bay Regional Park District ti bẹ̀rẹ̀. Lónìí ọgbà wọn ti ju 70 lọ ní Alameda àti Contra Costa, ilẹ̀ wọn ju éékà 120,000 lọ, ọ̀nà ẹsẹ̀ tó wà nínú wọn sì ju máìlì 1,200 lọ.

Mo máa ń ro ti àwọn olùdìbò yẹn. Ẹni tí kò mọ ibi tí oúnjẹ ọ̀la máa gbà wá, tó wá ní kí wọ́n yọ nínú èyí tó kù lọ́wọ́ òun fi ra òkè tí òun ò ní dáko sí, tí òun ò ní kọ́lé sí. Ohun ńlá ni lójú mi. Kí n sì sọ èyí tó kù: kó tó di pé ẹnikẹ́ni dìbò, ilẹ̀ àwọn Ohlone ni. Kò sẹ́ni tó gba ìbò lọ́wọ́ wọn nígbà tí wọ́n ń gba ilẹ̀ náà mọ́ wọn lọ́wọ́, àtọmọdọ́mọ wọn sì wà ní agbègbè náà títí di òní olónìí.

Nínú gbogbo ọgbà wọn, Redwood ni ẹsẹ̀ mi mọ̀ jù. Wọ́n ti fi orúkọ Aurelia Reinhardt kún orúkọ rẹ̀ báyìí, obìnrin tó jẹ́ olórí kọ́lẹ́ẹ̀jì Mills, tó sì wà nínú ìgbìmọ̀ àkọ́kọ́ tó darí àwọn ọgbà náà. Igi redwood ló kún ibẹ̀, igi tó ga débi pé ọrùn á máa dun ẹni tó bá ń wá ṣóńṣó orí rẹ̀. Ní 1826, Beechey, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ń pè ní Blossom, kọ ọ́ sílẹ̀ pé igi méjì lórí òkè yìí ni àwọn atukọ̀ lè máa wò láti inú omi San Francisco kí wọ́n má baà forí sọ àpáta kan tó fara pa mọ́ sábẹ́ omi. Nígbà tó yá, wúrà mú ayé ya dé, wọ́n ń kọ́ ìlú kíákíá, ìlú ń fẹ́ pákó. Kó tó di 1860 wọ́n ti gé igi wọ̀nyẹn tán, títí kan méjì tó ń tọ́nà fún àwọn atukọ̀. Èyí tó dúró lónìí, ara kùkùté ló ti hù. Bí èèyàn bá fara balẹ̀, yóò rí i pé igi ibẹ̀ kì í tò lórí ìlà, òbìrípo ni wọ́n ń dúró sí, kùkùté ìyá wọn tó ti jẹrà á sì wà láàárín, tàbí kí ihò tó fi sílẹ̀ wà níbẹ̀.

Ní òdìkejì omi, igbó redwood mìíràn wà tí òkìkí rẹ̀ kàn ju èyí lọ, Muir Woods. Ajá ò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀. Òkè Diablo, tí èèyàn lè máa wò láti ibi púpọ̀ ní agbègbè wa, ọgbà ìpínlẹ̀ ni. Ajá ò gbọdọ̀ gba àwọn ọ̀nà ẹsẹ̀ ibẹ̀. Bí Yosemite náà ṣe rí nìyẹn ní èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀nà rẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Ẹranko tó wà níbẹ̀ ló ni ilé, òórùn ajá nìkan tó láti lé ìyá kúrò nídìí ọmọ. Mo kàn ń sọ ọ́ kó lè yé èèyàn ìdí tí ọgbà agbègbè fi ṣe pàtàkì sí àwa tí à ń rìn tajátajá. Láàárín ọgbà kékeré àdúgbò, tí ajá á yí po lẹ́ẹ̀kan tí yóò sì rí òpin rẹ̀, àti igbó ńlá tí ìjọba àpapọ̀ tàbí ti ìpínlẹ̀ ń ṣọ́, ọgbà agbègbè ló gbà wá.

Èmi a máa rìn kíákíá bí mo bá dá wà. Tanímọ̀ kì í jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ó lè dúró nídìí ewé kan ṣoṣo tí ojú mi ò rí nǹkan kan lára rẹ̀, kó ki imú bọ̀ ọ́, kó máa fà á símú kúlúkúlú. Mo ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ láti wo imú náà. Ẹ̀là tín-ín-rín kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò imú ajá. Ibẹ̀ ni èémí tó ń jáde máa ń gbà, kí òórùn tó ń wọlé láti iwájú má baà dàrú. Bí ilẹ̀ bá gbẹ tí èèyàn sì sún mọ́ ọn dáadáa, ó lè rí i tí èémí yẹn ń ti eruku ẹ̀gbẹ́ imú lọ sẹ́yìn, apá ọ̀tún, apá òsì. Àgbọ̀nrín lè ti kọjá níbẹ̀ lóru, tàbí coyote, tàbí agbo tòlótòló igbó tó máa ń dá rìn káàkiri òkè náà láìsí ẹni tó ni wọ́n. Èmi ò lè kà á. Mo dúró tì í kó kà á tán. Kò sí ohun mìíràn tí mò ń ṣe láyé tí mo fi ń dúró de ẹlòmíràn pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ láìwo aago.

Ìgbà òtútù, níbi tí ọ̀nà Stream àti ọ̀nà Prince ti pàdé, àwọn kòkòrò pupa kékeré tó ní àmì dúdú lẹ́yìn a máa kóra jọ síbẹ̀ láti sùn títí ooru á fi padà dé. Wọn a bo òpó ọgbà, wọn a bo ewé àti igi wíwó, débi pé igi gan-an á dà bí ohun tó ń mí. Mo máa ń fa okùn Tanímọ̀ mọ́ra níbẹ̀. Ìmí rẹ̀ kan péré tó láti gbọn ọgọ́rùn-ún wọn sílẹ̀.

Ọ̀nà Stream yìí ni odò kékeré Redwood ń bá rìn. Ẹja inú rẹ̀ ni kì í jẹ́ kí n ráhùn bí wọ́n bá ní kí n so ajá. Ẹja rainbow trout tí ayé mọ̀, tí wọ́n ti kó lọ sódò púpọ̀ káàkiri àgbáyé, ara ẹja odò San Leandro ni Gibbons ti ṣe àpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ní 1855, omi Redwood yìí sì ń ṣàn lọ bá San Leandro ni. Ẹja tó wà níbẹ̀ lónìí, ìran kan náà ni. Wọ́n ń gòkè wá láti inú adágún tí wọ́n sé, wọ́n ń yé ẹyin sáàárín òkúta wẹ́wẹ́ nínú omi tí kò jìn ju kókósẹ̀ lọ. Ajá kan tó bá bẹ́ sínú rẹ̀ láti mú ara rẹ̀ tutù, ìṣẹ́jú kan ló fẹ́ fi gbádùn, ẹyin tó tẹ̀ fọ́ ò sì ní di ẹja mọ́ láéláé. Ó tó ohun tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ fa okùn.

Àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bẹ́ẹ̀ ní Kalifóníà, ohun tí mo fẹ́ kí wọ́n mọ̀ ju òfin lọ ni koríko foxtail. Bí òjò bá ti dá, tí òkè pọ́n bí wúrà, orí koríko náà á gbẹ, á wá yọ ẹ̀gún tó tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní irun lára. Èèmọ́ ilé wa a máa lẹ̀ mọ́ aṣọ, ó parí. Tibí ò mọ ìpadà. Irun ara rẹ̀ kọjú sẹ́yìn, nítorí náà bó bá ti wọlé, iwájú nìkan ló lè máa lọ. Á gba àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀ wọ inú ẹran, á gba etí, á gba imú, ó sì lè rìn jìnnà nínú ara kí dókítà ẹranko tó rí i. Nítorí náà bí a bá ti dé ibi ọkọ̀, Tanímọ̀ á dùbúlẹ̀ lórí aṣọ ìnura, màá gbé ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Màá la ọmọ ìka, màá fi àtàǹpàkò wá inú àlàfo tó wà láàárín wọn, níbi tí awọ ti rọ̀ tí irun sì ti pọ̀. Ó mọ̀ ọ́n mọ́ra báyìí. Ẹsẹ̀ kẹta ni yóò ti na kẹrin sí mi fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni eégbọn, lẹ́yìn etí àti lábẹ́ ọrùn. Bó bá ti gba inú ewé poison oak kọjá, ara tèmi ni yóò yún, nítorí òróró ewé náà á bá irun rẹ̀ wá sí ọwọ́ mi. Omi adágún tí nǹkan aláwọ̀ ewé bá bo ojú rẹ̀ lásìkò ooru, mi kì í jẹ́ kó fẹnu kàn án. Oró tó wà nínú rẹ̀ ti pa ajá rí. Ejò tó ń mi ìrù kó tó bu èèyàn jẹ náà wà níbẹ̀, èèyàn ò sì gbọdọ̀ gbàgbé rẹ̀, ṣùgbọ́n foxtail ni mo máa ń lá àlá rẹ̀.

Àmọ́ ọ̀rọ̀ ohùn yẹn ni mò ń bọ̀ wá bá. Ẹni tó ń bọ̀ níwájú lójú ọ̀nà ló ni ohùn mi ju èmi àti ajá lọ.

Ọ̀nà kan wà ní Redwood tí wọ́n ń pè ní French Trail. Tóóró ni, ó ń lọ́ lọ́tùn-ún lósì lára òkè, èèyàn ò sì lè rí ẹni tó ń bọ̀ títí wọn á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kọlu ara wọn. Lọ́jọ́ kan Tanímọ̀ wà níwájú mi díẹ̀. Ọ̀pá ìtilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rí ní kọ́nà, ọ̀pá náà sì dúró lójijì. Mo pè é. Ó wá, ó jókòó, mo fi okùn kọ́ ọn lọ́rùn, mo sì bọ́ kúrò lójú ọ̀nà sí ìsàlẹ̀ kí àyè lè gbà. Ìyá àgbàlagbà kan ló yọ, adúláwọ̀ Amẹ́ríkà, ọwọ́ rẹ̀ kan wà láyà. Mo kí i. Ó kọjá, ó dúró díẹ̀ níwájú, ó wá wẹ̀yìn. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi. O pè é kí n tó ní kí o pè é." Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó bá tirẹ̀ lọ.

Ọ̀rọ̀ ìyá yẹn ò kúrò lọ́kàn mi. Mi ò mọ ìtàn tirẹ̀ fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ pé ajá kan ló bù ú jẹ lọ́mọdé. Ṣùgbọ́n mo mọ ìtàn tó tóbi ju ẹnì kan lọ. Ní Kúbà, níbi tí wọ́n kó àwọn èèyàn wa lọ tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lukumí, àwọn tó ń fi lílé ẹrú tó sá wọ igbó jẹun a máa sin ajá fún iṣẹ́ yẹn nìkan. Òkìkí àwọn ajá náà kàn débi pé ní 1795, nígbà tí àwọn Maroon, ìran àwọn ẹrú tó sá di òmìnira, dìde ní Jàmáíkà, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí Kúbà kí wọ́n kó ajá wá. Ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà bákan náà ni. Ní oṣù Karùn-ún 1963, ọlọ́pàá ìlú Birmingham níbẹ̀ dẹ ajá sí àwọn tó ń wọ́de fún ẹ̀tọ́ wọn, ọmọ iléèwé wà nínú wọn. Ẹni tó bá wo fọ́tò ọjọ́ yẹn yóò rí i pé okùn wà lọ́rùn àwọn ajá náà. Ẹni tó mú okùn ló ní kí wọ́n bu èèyàn jẹ.

Èyí ni mo máa ń gbé yẹ̀ wò lórí òkè. Ajá Kúbà wọ̀nyẹn gbọ́ ohùn dáadáa, ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbọ́ ọ ju Tanímọ̀ lọ. Okùn wà níbẹ̀, ìgbọràn wà níbẹ̀. Nítorí náà, kí ajá gbọ́ràn sí mi lẹ́nu ò tíì tó ohun tí èèyàn fi ń yangàn. Ohun tí mo bá fi ohùn mi ṣe sí ẹni tí mi ò mọ̀, tó ń bọ̀ ní kọ́nà, ni ìdájọ́ wà nínú rẹ̀.

Kúbà yìí kan náà ni àwọn ọmọ Lukumí ti ń bọ Babalú Ayé, Ọbalúayé wa. Wọ́n fi ère San Lázaro bò ó mọ́lẹ̀, arúgbó elégbò tó ń fi ọ̀pá rìn, tí ajá méjì ń bá a lọ lẹ́sẹ̀, tí wọ́n ń lá egbò rẹ̀. Gbogbo ọjọ́ 17 oṣù Kejìlá, èrò ń wọ́ lọ sí El Rincón lẹ́yìn Havana nítorí rẹ̀, àwọn mìíràn ń fi orúnkún rìn. Mo ti ro èyí títí. Àwọn tí wọ́n fi ajá lé nínú igbó ni wọ́n ṣì fi ajá sí ẹsẹ̀ òrìṣà wọn. Wọn ò jẹ́ kí ẹni tó ń lé wọn gba ajá mọ́ wọn lọ́wọ́. Ìgbàkígbà tí Tanímọ̀ bá lá ọgbẹ́ tí ẹ̀gún fi sí mi lápá, wọ́n ni mo máa ń rántí.

Ní ọjọ́ 25 oṣù Karùn-ún 2020, ní Central Park ní New York, Christian Cooper, ọkùnrin adúláwọ̀ tó wá wo ẹyẹ, ní kí obìnrin kan so ajá rẹ̀, níbi tí òfin ti ní kí gbogbo ajá wà lókùn. Obìnrin náà pe ọlọ́pàá, ó ní ọkùnrin adúláwọ̀ kan ń halẹ̀ mọ́ ẹ̀mí òun. Ọjọ́ yẹn gan-an ni ọlọ́pàá fi orúnkún pa George Floyd ní Minneapolis. Okùn tí kò gùn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà lọ ni wọ́n ń sọ̀rọ̀ lé lórí ní New York. Ẹni tó bá ní kí á so ajá wa, ẹ jẹ́ ká so ó. Ká má béèrè ìdí, ká má sọ fún un pé ajá wa kì í bu èèyàn jẹ. Òun kọ́ ló bí i, òun kọ́ ló tọ́ ọ.

Ó níbi tí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ wáyé. Point Isabel, ní etí omi ní Richmond, ajá ló ni ibẹ̀. Ẹni tó bá ń bẹ̀rù ajá kì í gba ibẹ̀ lọ. Koríko tẹ́ lọ gbalasa, afárá Golden Gate wà lọ́ọ̀ọ́kán, ajá oríṣiríṣi ń sá tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù wọ inú omi, ibi tí wọ́n ti ń wẹ̀ wọ́n kí wọ́n tó wọ ọkọ̀ sì wà níbẹ̀. Tanímọ̀ fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Èmi náà a máa lọ, àmọ́ ariwo ibẹ̀ kì í jẹ́ kí èèyàn ronú.

Nílé, nílẹ̀ Yorùbá, láwọn ìlú ńlá wa, ajá géètì ló pọ̀ jù nínú àwọn ajá tí mo mọ̀. Ojúmọ́ mọ́, ó wà nínú àgò tàbí lórí ṣéènì. Alẹ́ lẹ́, wọ́n tú u sílẹ̀ sínú ọgbà ilé kó lè máa gbó. Wọn kì í mú un jáde, nítorí pé wọ́n fẹ́ kó kórìíra ohun tó wà níta. Ajá kì í roro kó ṣọ́ ojúlé méjì, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n èyí tó ń ṣọ́ ojúlé kan yẹn náà ní ẹsẹ̀ mẹ́rin. Mi ò dá àwọn ìyá tó ń fa ọmọ wọn sẹ́yìn bí wọ́n bá rí ajá lẹ́bi. Dìgbòlugi ò ṣeé fi ṣeré. Bí àìsàn náà bá ti yọjú lára èèyàn, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ẹni tó ń yè é, ajá ló sì ń kó o ran èèyàn jù. Kí wọ́n gún ajá wọn lábẹ́rẹ́ rẹ̀ lọ́dọọdún, kí wọ́n sì máa mú un jáde láàárọ̀ kùtù, lókùn, kí ayé òun náà lè fẹ̀ ju ibi tí ṣéènì rẹ̀ dé lọ.

Ní Kalifóníà, ọgbà tuntun kan ń bọ̀ lágbègbè wa, ní Concord, tí mò ń retí. Àwọn ọmọ ogun ojú omi Amẹ́ríkà ló ń kó ohun ìjà sí ilẹ̀ náà tẹ́lẹ̀. Éékà rẹ̀ ju 2,500 lọ, òkè koríko àti igi oak ni. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ ní 2021 ni Thurgood Marshall Regional Park, Ilé Àwọn 50 ti Port Chicago. Ní ọjọ́ 17 oṣù Keje 1944, àdó olóró tí wọ́n ń kó sínú ọkọ̀ bú gbàù ní èbúté Port Chicago, ó pa èèyàn 320. 202 nínú wọn jẹ́ adúláwọ̀, nítorí àwọn ni wọ́n fi iṣẹ́ ìkẹ́rù yẹn lé lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ní kí àwọn tó yè padà sẹ́nu irú iṣẹ́ kan náà, ọ̀pọ̀ kọ̀, wọ́n sì dá 50 lára wọn lẹ́bi pé wọ́n ṣọ̀tẹ̀. Agbẹjọ́rò Thurgood Marshall ló gba ẹjọ́ wọn rò lẹ́yìn náà. Ọdún 2024 ni ilé-iṣẹ́ ológun ojú omi ṣẹ̀ṣẹ̀ dá wọn láre, ọgọ́rin ọdún géérégé sí ọjọ́ ìbúgbàù náà.

Wọ́n fẹ́ kọ́ ilé kan síbẹ̀ tí yóò máa sọ ìtàn wọn, àwọn tó ń darí ọgbà wọ̀nyí sì máa ń gba èrò ará ìlú kí wọ́n tó fi òfin lélẹ̀. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà tèmi lórí ọ̀rọ̀ ajá. Ohun tí mo fẹ́ ni kí wọ́n dá apá kan òkè náà sí láìsí ajá rárá, lẹ́bàá ilé ìtàn yẹn, fún ẹni tó bá fẹ́ wá dúró ti orúkọ àwọn 320 náà láìfi etí sílẹ̀ fún ìró ẹsẹ̀ ajá lẹ́yìn rẹ̀. Kí ajá rìn lókùn láwọn ọ̀nà tó já síbẹ̀. Kí wọ́n wá wò ó bóyá òkè koríko tó wà lọ́nà jíjìn, tí màlúù tó ń jẹko ò bá sí níbẹ̀, ṣeé tú Tanímọ̀ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ sílẹ̀ sí. Mo fẹ́ kí lẹ́tà náà dé ọwọ́ wọn kí wọ́n tó jókòó lé ọ̀rọ̀ òfin ọgbà náà lórí.